Agbè Tí Morẹ́nikẹ́ Gbé Nàró

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní Ìrè-Èkìtì mọ̀ pé a kì í gbé agbè ẹmu tó ti ṣófo nàró. Bí ẹmu bá ti tán, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi agbè lélẹ̀, kó má baà tan ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ. Ògún fúnra rẹ̀, wọ́n ní, ti ogun dé tòun ti òǹgbẹ nígbà kan, ó gbé agbè tó wà lóòró, kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tó fi idà ṣe lọ́jọ́ náà, jẹ́jẹ́ ni ìlú ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Morẹ́nikẹ́ ọmọ Ògúntóyìn alágbẹ̀dẹ ti gbọ́ ìtàn yìí kó tó mọ̀wé kà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi dùn ún ju bí ì bá ṣe dun ọmọ ìlú mìíràn lọ.

Ìtàn kúkú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìfàkì, ó sì tún ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì. Ọba ilẹ̀ Sìkọ́tílándì kan láyé àtijọ́, Alẹkisáńdà Kẹta, ló ń kọ ìwé lé lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìtàn àwọn ọba Èkìtì ò tíì tán nílẹ̀, kí ló wá gbé e dé òkè òkun. Á ní òun náà ò mọ̀, pé bí ọkàn ṣe ń mú èèyàn kan láàárín ọ̀pọ̀ ló ṣe ń mú ìtàn kan.

Ẹni tó fẹ́ràn ọba yìí tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Morẹ́nikẹ́ á gun ọ̀kadà wá sí Ìrè, á jókòó ti ẹwìrì tí bàbá fi ń fẹ́ iná, á sì máa bá ìtàn lọ láti ibi tí wọ́n dá a dúró sí. Lọ́jọ́ tó sọ bí wọ́n ṣe fi ọmọ ọdún méje jọba, tí arúgbó kan jáde láàárín èrò, tó kúnlẹ̀, tó ń ka orúkọ àwọn bàbá ńlá ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan dé ìpilẹ̀ ìran, Ògúntóyìn gbé òòlù dúró lókè.

“Àwọn náà mọ oríkì ní ùlú wọn?” ó bèèrè. Ọba náà di èèyàn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Dáúdà wà níbẹ̀. Oníṣu ni, ó wá láti Òkè-Àkó láti gba ọkọ́ tó fẹ́ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko. Ọkọ́ ti délẹ̀, ó ti sanwó, àmọ́ kò lọ. Nígbà tó yá ló tọrọ gáfárà, tó ní kí àǹtí má bínú, ọmọ ọdún méje, ta ló ń bá a gbé irú adé bẹ́ẹ̀?

Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè wò ó. Kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn ìjòyè ni, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n ń fi ọmọ náà jà, ẹni tó bá rí i gbé lónìí ni ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dáúdà mi orí, ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ.” Bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé ọmọ náà wà ní ilé kejì tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, ohun tó wọ Morẹ́nikẹ́ lára nìyẹn. Kí á má parọ́, èjìká rẹ̀ náà kò burú.

Láti ìgbà náà, ọkọ́ Dáúdà kò yé bàjẹ́. Ó gbé e wá lọ́sẹ̀ yìí, ó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí Ògúntóyìn fi bi í bóyá uṣu ni wọ́n ń gbìn ní Òkè-Àkó tàbí òkúta. Dáúdà rẹ́rìn-ín, Morẹ́nikẹ́ wolẹ̀. Bó bá ń gbé iṣu lọ sí Ìfàkì, á yà sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Bí kò bá yà, Morẹ́nikẹ́ á máa kọ́ni lójú, ọkàn rẹ̀ á wà lójú títì. Ṣé ẹni ọgbọ̀n ọdún ló ń ṣe báyìí? Ó bi ara rẹ̀ léèrè títí, ó rí i pé ẹni ọgbọ̀n ọdún náà ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, wọ́n fi alárinà sí i. Ìbíjọkẹ́, àbúrò Ògúntóyìn, ló gbé e lọ sí Òkè-Àkó. Sèínábù, ìyá Dáúdà, opó tó dá ọmọ tọ́, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun ò bá ọmọ náà jà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu òun: Dáúdà kò gbọdọ̀ mu ẹmu nídìí irin Ògún. Bó bá mu ún, kó má wá sin òun bí òun bá kú.

Ìbíjọkẹ́ gbé e délé, ó bá ti Ògúntóyìn níbẹ̀.

“Mi ò ní kó fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀,” Ògúntóyìn wí. “Ṣùgbọ́n àna tó bá fẹ́ mú ọmọ kúrò ní ulé yìí, ugbá kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ó ti mu níwájú urin. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè bá ara wọn dé ibì kan. Dáúdà ní kí Morẹ́nikẹ́ má dààmú, òun fúnra òun á lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, òun á sọ pé òun ò lè mu ún. Morẹ́nikẹ́ ti sọ ibì kan nínú ìtàn ọba rẹ̀ fún un, bí ọmọdé ọba yìí ṣe lọ gbéyàwó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí bàbá ìyàwó, ọba ńlá, ní kó kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé abẹ́ òun ni ilẹ̀ Sìkọ́tílándì wà. Ọmọ náà dáhùn pé ìyàwó lòun wá gbé, òun kò wá dáhùn ìbéèrè tó wúwo bẹ́ẹ̀. Dáúdà fẹ́ràn ìdáhùn yẹn dé góńgó. Ó ní, “Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ, kí ló dé tí èmi ò ní lè sọ ọ́?”

Ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ mọ bàbá rẹ̀, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Láti inú ilé ló ti wò ó nígbà tí Bánkọ́lé wá fẹ́ Kíkẹ́lọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bánkọ́lé kò gba igbá lọ́wọ́ bàbá, bàbá dìde láìwí nǹkan kan, ó padà sídìí iṣẹ́, ó ń lu irin títí àlejò fi kó ìtìjú rẹ̀ nílẹ̀. Kíkẹ́lọmọ wà ní Ìbàdàn di báyìí, kò lọ́kọ, kì í sì í wálé. Morẹ́nikẹ́ kò lè jẹ́ kí irú òòlù bẹ́ẹ̀ tún dún lórí tirẹ̀.

Ó sì ní ohun kan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní. Láti ìgbà àìsàn tó dá bàbá dùbúlẹ̀ ní ọyẹ́ èṣí, imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ adùn. Morẹ́nikẹ́ ló mọ̀, lọ́jọ́ tó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀ tí bàbá sì yìn ín pé ọbẹ̀ náà dùn. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ nínú ni bàbá tó jẹ́wọ́, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kan, pé alágbẹ̀dẹ tí kò gbóòórùn irin mọ́, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un. Morẹ́nikẹ́ búra fún un pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Kò kúkú sọ fún ẹnì kan. Ó kàn lò ó ni.

Nínú ilé wọn, ọmọ tí wọ́n fẹ́ fọ́kọ ló máa ń gbé agbè wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdáná, Morẹ́nikẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá, ó da omi àgbọn sínú agbè, ó fi mílíìkì inú agolo díẹ̀ sí i, ó mì ín títí ó fi hó. Ó ti sọ fún Dáúdà pé Bàbá ti gbà, pé omi àgbọn ni wọn yóò fi rọ́pò ẹmu, ṣùgbọ́n kó má dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ojú ń ti Bàbá. Inú Dáúdà dùn gan-an.

Ògúntóyìn gba agbè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ta á sórí irin Ògún tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó sì gbàdúrà. Ó ní Ògún kó ṣí ọ̀nà fún Àbẹ̀kẹ́ òun, kí irin má ṣe é, kí irin má ṣe ọkọ rẹ̀ ní títì, kí wọ́n dàgbà. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Morẹ́nikẹ́, ìgbà tí inú bàbá bá dùn jù ló máa ń pè é. Lẹ́yìn náà ó mu, ó na igbá sí Dáúdà. Dáúdà fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Omi lé ròrò sójú alágbẹ̀dẹ.

Kí ni Morẹ́nikẹ́ ń ṣe nígbà yẹn? Ó ń wo mílíìkì bó ṣe ń ṣàn lára irin. Ó ń rò ó pé àdúrà tí bàbá òun fi gbogbo ọkàn gbà fún òun ni òun fi irọ́ bomi lé yìí. Nígbà tó gba agbè padà, kò mọ ìgbà tó gbé e nàró sílẹ̀ lófìfo. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, tó rọra fi í dùbúlẹ̀, tó ní ayọ̀ ti mú Àbẹ̀kẹ́ gbàgbé ilé.

Ìyà tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyà ayọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ara wọn. Ògúntóyìn rọ àdá kan fún Dáúdà, ó fi èékú igi dáadáa sí i, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ ìmọ̀le kan bọ̀wọ̀ fún irin òun ju àwọn ọmọ Ìrè mìíràn lọ. Dáúdà ní tirẹ̀ ń wá àyè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún àánú tó ṣe òun. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dá nìkan wà, Morẹ́nikẹ́ á ti gbé omi wá, á ti gbé àga wá, á ti rántí nǹkan kan. Ó dà bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin tí kò fẹ́ kó pa.

Sèínábù tún fi iṣu ránṣẹ́ sí Ògúntóyìn nípasẹ̀ Ìbíjọkẹ́, pé òun dúpẹ́ tí kò fipá mú ọmọ òun. Morẹ́nikẹ́ lọ pàdé Ìbíjọkẹ́ níbi tí ọ̀kadà ti já a sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé iṣu délé, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìbíjọkẹ́ wò ó títí.

“Alárinà ni mí, Morẹ́nikẹ́,” ó wí. “Mi ì í ṣe àpò tí wọ́n ń yọ nǹkan nínú rẹ̀.”

Síbẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé Ìyá Dáúdà kí i. Morẹ́nikẹ́ mọ̀ pé òun ti sọ àgbà di òpùrọ́ kún un. Bí Dáúdà bá pè é lórí fóònù, tó ní òun ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì, inú rẹ̀ á dùn, á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ó fẹ́ ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó gbà á lọ́wọ́ bàbá òun bí olè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú yìgì, ó wálé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ògúntóyìn ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó ní ohun kan ń jẹ òun lọ́kàn, pé Àbẹ̀kẹ́ ti fo ibì kan nínú ìtàn ọba òun. Ọmọ ọdún méje jọba, lẹ́yìn náà ó ti dàgbà, ó ń bá àwọn ará Nọ́wè jà létí òkun. Ìgbà wo ló gbéyàwó?

Lóòótọ́ ló fò ó. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló ti ń yí ibẹ̀ ká. Ó lè tún fò ó, ó lè ní ìwé kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí bàbá fi ń wò ó, ojú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó fẹ́ gbọ́ ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ́. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe dé ìlú Yọ́ọ̀kì, bí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bi í ní ìbéèrè, bó ṣe dáhùn pé ìyàwó lòun wá gbé.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ògúntóyìn. “Kí ni ọba àgbà yẹn ṣe?”

“Ó dákẹ́, Bàbá. Kò fẹ́ ba ayẹyẹ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sì sọ ohun tó wà nínú agbè, ó sọ irọ́ tó pa fún Dáúdà, ó sọ ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu Ìbíjọkẹ́. Ó ní nítorí Bánkọ́lé ni, nítorí ẹ̀rù ba òun.

“Bánkọ́lé ní ẹmu bàbá mi ń rùn,” Ògúntóyìn wí pẹ̀lẹ́. “Níwájú urin. Mi ò sọ fún yín kí Kíkẹ́lọmọ má baà kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe torí pé kò mu ún ni mo ṣe dìde.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Agbè òfìfo lo gbé nàró fún mi, Morẹ́nikẹ́. Ọba yẹn rí àyè láti dákẹ́. Ìwọ ò fún èmi láyè.”

Kò pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹkún tó ń sun kò mú un yíjú padà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Dáúdà pé kó máa bọ̀, ó sì rán Ìbíjọkẹ́ lọ gba ẹmu lọ́wọ́ adẹ́mu.

Dáúdà dé, ẹ̀rù ń bà á pé àìsàn ló dé. Ògúntóyìn bi í ní ohun tí wọ́n sọ fún un pé òun mu lọ́jọ́ ìdáná. Ó ní omi àgbọn, pé wọ́n ní Bàbá ló yọ̀ǹda rẹ̀. Ògúntóyìn mi orí, ó sọ òótọ́ fún un ní gbólóhùn díẹ̀. Dáúdà wo Morẹ́nikẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́. Lẹ́yìn náà Ògúntóyìn bu ẹmu gidi sínú igbá, ó ta á sórí irin, kò gbàdúrà sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó mu díẹ̀. Ó na igbá.

“Ọmọ mi, gbà.”

Morẹ́nikẹ́ rí gbogbo ayé rẹ̀ nínú igbá yẹn. Bí Dáúdà bá gbà á, ó ti pàdánù ìyá rẹ̀. Bí kò bá gbà á, òòlù lè dún. Dáúdà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ùyàwó ni mo wá fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún urin yín, òun ló ń bọ́ mi lóko. Ṣùgbọ́n mi ò lè mu ún. Mi ò sì ní díbọ́n fún yín.”

Iná àgbẹ̀dẹ ti ń wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ògúntóyìn wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó wo irin. Ó gbé igbá sẹ́nu, ó mu èyí tó kù fúnra rẹ̀, ó sì dojú igbá délẹ̀.

“Dìde,” ó wí. “Ó tó. Ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi lójú báyìí kò ní purọ́ fún ọmọ mi.”

Wọ́n so yìgì. Lèmọ́mù wàásù, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n yó. Kó tó di ọjọ́ náà, Dáúdà ti bi Morẹ́nikẹ́ ní ohun kan ṣoṣo, nínú ọkọ̀ iṣu, ní ojú ọ̀nà Ìfàkì: ṣé ó rò pé òun kò lè fi ẹnu òun sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Bàbá ni? Dáúdà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kò burú, wọn ó máa kọ́ ara wọn. Ó sì jẹ́ ọkọ rere, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa dun ìyàwó rẹ̀ sí i.

Nígbà ọdún Ògún tó tẹ̀ lé e, Morẹ́nikẹ́ ti parí ìwé rẹ̀, oyún wà nínú rẹ̀. Òun àti Dáúdà jókòó lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ ní kó wá sọ ikú ọba náà fún òun. Ó sọ ọ́. Ó ní gbogbo ọmọ ọba ló kú ṣáájú rẹ̀, ìyàwó àkọ́fẹ́ kú, ó sì tún fẹ́ ọmọdébìnrin kan nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó wà níbi ìpàdé àwọn ìjòyè nígbà tó ní òun ń lọ bá ìyàwó òun ní òdì kejì omi. Ìjì ń jà. Àwọn ìjòyè ní kó má lọ. Atukọ̀ ní kó má lọ. Ọkùnrin kan tó pàdé ní èbúté ní kó wá sùn nílé òun. Kò gbọ́, ó sọdá omi, ó sì gun ẹṣin lọ lóru. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú rẹ̀ létí òkun, nísàlẹ̀ òkè tí ẹṣin ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ògúntóyìn káàánú rẹ̀ gan-an. Ó ní, “Ìfẹ́ ló pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n kúkú sọ òótọ́ fún un kó tó lọ.”

Kò wo Morẹ́nikẹ́ nígbà tó sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ láti fi bú u. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn.

Adẹ́mu gbé ẹmu dé. Morẹ́nikẹ́ dìde, ó gba agbè lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbé e fún bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Bàbá gbà á, ó dúpẹ́, ó bu díẹ̀ sínú igbá. Gbogbo ìlú ló ti mọ̀ báyìí pé imú rẹ̀ ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí i lò. Kí ó tó ta á sórí irin, ó na igbá kọjá orí ọmọ rẹ̀ sí Dáúdà.

“Bá mi gbóòórùn rẹ̀,” ó wí.

Dáúdà tẹ̀ síwájú, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé imú súnmọ́ igbá náà.

“Ẹmu ni, Bàbá.”

Ògúntóyìn ta á sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Morẹ́nikẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn, ó ń retí ìgbà tí agbè yóò tán kó lè fi í dùbúlẹ̀.